Bí ẹ ṣe máa wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ yunifásítì ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Ìlú Ọba ló ní ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ pé wíwọ ihò abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ti Bristol ti wà láti 1919, ti Cambridge láti 1949. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á kó sínú bọ́ọ̀sì kékeré, wọ́n á forí lé òkè, ó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó padà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tó sì fẹ́ bá wọn lọ. Ó tún wà fún ẹni tó ti lọ díẹ̀, tí wọ́n wá ní kó bá àwọn ṣètò ìrìn.

Ihò tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ Olúmọ. Àpáta ti Abẹ́òkúta àti ti Ìdànrè le, omi kì í tètè yọ́ ọ. Àyè tí ẹ ń rí lábẹ́ wọn jẹ́ ibi tí òkúta ńlá ti fẹ̀yìn ti ara wọn. Ihò ti Ìlú Ọba wà nínú òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi òjò á fa kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì láti inú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, á kan díẹ̀, á wá máa jẹ òkúta náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún títí tí ọ̀nà á fi là. Ẹ fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: omi ló gbẹ́ ihò náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìrìn yìí fi jẹ́ ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó wọlé.

Ìforúkọsílẹ̀, ìlera àti irun orí

September àti October ni ẹgbẹ́ máa ń gba ọmọ tuntun. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Akoto, tọ́ọ̀ṣì orí, aṣọ ihò, ohun èlò okùn, gbogbo rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń yá ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Ohun tí ẹ máa san ni owó ọdún, owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn ní ilé tí àwọn ẹgbẹ́ oníhò ní sí ìgbèríko. Ẹ béèrè bóyá ìnṣọ́ránsì British Caving Association wà nínú owó ọdún yẹn, kí ẹ sì mọ ohun tó ń ṣe. Bí ẹ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe tàbí ba dúkìá àgbẹ̀ jẹ́, òun ló máa gbà yín sílẹ̀. Kì í san owó fún ẹsẹ̀ tiyín tó bá kán.

Ẹ sọ ìlera yín fún olórí ìrìn láìfi ohunkóhun pamọ́: ikọ́ fée, wárápá, èjìká tó máa ń yẹ̀, oògùn tí ẹ ń lò. Ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kó tó wọ ihò kankan. Òtútù, àìmu omi tó àti iṣẹ́ àṣelàágùn wà lára ohun tó ń ru ìrora àrùn fòníkú-fọ̀ládìde sókè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pàdé nínú ihò tí kò gbóná ju 8 sí 10 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Òyìnbó tó jẹ́ olórí ìrìn lè má tíì bá alárùn yìí pàdé rí. Ẹ̀yin ni kí ẹ là á yé e.

Ẹni tó dirun, kó lọ dán akoto wò ní yàrá ẹrù ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìrìn. Ṣùkú kò lè bá akoto gbé, yóò gbé e sókè orí, akoto tó bá sì jókòó sórí irun á máa ṣubú bo ojú tàbí kó yẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí òkúta bá kàn án. Kọlẹ́sẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí tó sì parí sí ìpàkọ́ ló dára jù. Irun àsomọ́ gígùn, ẹ dì í pọ̀, kí ẹ tì í sínú ọrùn aṣọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá: irun tó bá já sínú ẹ̀rọ ìsọ̀kalẹ̀ lórí okùn á máa wọlé lọ títí orí á fi kan irin, ẹni náà á sì rọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa wọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú. Aṣọ òwú kò dára: bí ó bá ti tutù, kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru ara jáde. Ṣòkòtò jíǹsì ló burú jù. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé tó jẹ́ polyester tàbí irun àgùntàn ni kí ó kan ara yín. Lé e lórí, ẹgbẹ́ á fún yín ní aṣọ onírun kan, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní furry. Lẹ́yìn náà ni ófáróòlù tó nípọn, tí òkúta ò lè tètè ya. Bí ihò náà bá ní omi tó dé àyà, aṣọ rọ́bà àwọn òmùwẹ̀ ló dára ju furry lọ.

Bàtà òjò onírọ́bà tó ga dé ojúgun ni gbogbo wọn ń wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà tàbí ìbọ̀sẹ̀ irun tó nípọn sì wà nínú rẹ̀. Bàtà eré ìdárayá á yọ̀, okùn rẹ̀ á há. Ẹ ní ohun ìbòrúnkún, nítorí ẹ máa rìn lórí orúnkún ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láìsí i, orúnkún á wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibọ̀wọ́ rọ́bà àwọn tó ń fọ abọ́ tó nípọn ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Tọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Ọ̀kan lórí akoto, tí bátìrì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ju ìlọ́po méjì wákàtí ìrìn lọ. Ìkejì tí ẹ lè fi jáde bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Ẹ̀kẹta kékeré nínú àpò. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kò sí lára wọn. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé, kí ẹ sì rí i pé ẹ lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú fún òtútù.

Ẹrù gbogbogbòò máa ń wà nínú kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbòòrò tí omi kì í wọ̀: ohun ìtọ́jú ọgbẹ́, bátìrì, bùláńkẹ́ẹ̀tì oníke, aṣọ àgọ́ fífúyẹ́ tí kò ní òpó tí ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà lè forí wọ̀ papọ̀, oúnjẹ àti omi. Aṣọ àgọ́ yẹn ni mo máa gbé bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ ohun kan. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èémí ènìyàn mẹ́rin ti mú inú rẹ̀ gbóná. Ní ti oúnjẹ, ṣokoléètì, kílíṣí àti dòdò Ìkirè dára. Ẹ yẹra fún ohun tó ń rún dànù bíi gúgúrú, nítorí èérún tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kì í lọ.

Ihò wo, ènìyàn mélòó, wákàtí mélòó

Ibi mẹ́rin ni ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù. Yorkshire Dales, ní agbègbè Ingleton, Clapham àti Horton-in-Ribblesdale, ni kòtò jíjìn pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Gaping Gill wà, tí ẹnu rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 98 mítà, tí Edouard-Alfred Martel ará Faransé sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní 1895. Mendip wà ní Somerset, lẹ́bàá abúlé Priddy. Castleton wà ní Derbyshire. Ní gúúsù Wales, Ogof Ffynnon Ddu jìn ju 270 mítà lọ.

Fún ẹni tuntun, Long Churn tó wà lẹ́bàá Selside ní Yorkshire dára gan-an: omi rẹ̀ kì í pọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ tóbi, ibi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Cheese Press sì ní ọ̀nà àbùjá fún ẹni tí kò bá fẹ́ fún ara rẹ̀. Swildon's Hole ní Priddy dára títí dé ibi tí wọ́n ń pè ní Twenty, níbi tí ẹ nílò àkàbà wáyà àti okùn ààbò fún nǹkan bí mítà mẹ́fà. Sump 1, ibi tí omi ti kún ọ̀nà dé àjà, tó wà níwájú rẹ̀, kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ri orí bọmi kí ẹ tó kọjá, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Giant's Hole ní Castleton ní ọ̀nà tóóró gígùn kan, Crabwalk, tí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Ó máa ń tán ẹni tó sanra lágbára.

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ẹnu ihò wà. Ibòmíràn, ẹ máa san owó díẹ̀ ní ilé àgbẹ̀. Ibòmíràn, bíi Ogof Ffynnon Ddu, ẹnu ọ̀nà ní kọ́kọ́rọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ ti géètì tí ẹ bá ṣí, ẹ má fi ọkọ̀ dí ọ̀nà katakata, ẹ má sì bọ́ra sójú títì abúlé. Ihò tí wọ́n tì pa torí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò níwà, gbogbo ẹgbẹ́ tó kù ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó kéré jù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá fara pa, ẹnì kan á dúró tì í, àwọn méjì á jáde lọ ké sí ìrànlọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá rìn. Mẹ́fà dára. Bí ó bá ju mẹ́jọ lọ, ẹ pín in sí méjì, nítorí dídúró ló ń mú òtútù wọni. Ẹ ṣírò rẹ̀: níbi tí ẹnì kan bá lò ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọjá, ènìyàn mẹ́fà máa lo ìṣẹ́jú 30 ní àlọ, 30 ní àbọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ kọjá á sì ti jókòó sórí òkúta tútù fún ìṣẹ́jú 25. Ó kéré tán, ẹni méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ mọ ihò náà tàbí irú rẹ̀ dáadáa, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ẹ dá wákàtí ìpadà kí ẹ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ihò Ìlú Ọba ń lọ sí ìsàlẹ̀, torí náà àbọ̀ ni gígun, ara á sì ti rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo wákàtí mẹ́rin, wákàtí kan ààbọ̀ sí ìṣẹ́jú 105 péré ni kí ẹ fi lọ. Bí aago bá lù, ẹ padà, kódà kí ibi tí ẹ ń lọ ku ìgbésẹ̀ ogún.

Omi

Ní June 24, 1967, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà kú sínú Mossdale Caverns ní Yorkshire nígbà tí òjò dé tí omi sì kún ihò náà mọ́ wọn. Ọgbọ́n ihò kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ ló yẹ kó máa sọ èyí fún ọmọ tuntun kí wọ́n tó fi akoto lé e lórí.

Láti ọjọ́rú ni kí ẹ ti máa wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ohun mẹ́ta ni ẹ ń wá. Àkọ́kọ́, òjò mélòó ló ti rọ̀ lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn: koríko òkè Yorkshire dàgbà lórí ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tó ń mu omi, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yó, òjò tó bá tún rọ̀ lé e á ṣàn lọ gbuurugbu bí ẹni pé orí páànù ló bọ́ sí. Ìkejì, òjò wo ló máa rọ̀ ní wákàtí tí ẹ máa wà nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ṣé ààrá lè sán? Òjò ààrá ìgbà ooru kì í pẹ́, kì í sì í kan gbogbo ibi, ìdí nìyẹn tí àsọtẹ́lẹ̀ fi lè tàsé rẹ̀. Òun ló sì ń kún ihò láàárín wákàtí kan. Ní ìgbà òtútù, ẹ fi yìnyín tó ń yọ́ kún un: ojú ọ̀run lè mọ́ kedere kí omi máa pọ̀ sí i.

Ẹ má lọ pẹ̀lú orúkọ ihò kan ṣoṣo. Ẹ ní ìkejì tí omi kì í gbà mọ́, kí ẹ ti gba àṣẹ rẹ̀, kí ẹ ti mú àwòrán ọ̀nà rẹ̀ dání. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ibòmíràn láti lọ, tó ti wakọ̀ wákàtí mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí òjò bí ìrì.

Lẹ́nu ihò, ẹ fi òkúta kékeré kan sí ibi tí etí omi dé, kí ẹ wá máa di bẹ́líìtì àti àpò. Bí omi bá ti bo òkúta náà kí ẹ tó ṣe tán, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ di ti ẹrẹ̀, ẹ lọ sí ihò kejì.

Nínú ihò, ẹ máa wo òkè bí ẹ ṣe ń wo ẹsẹ̀. Koríko, èérún igi tàbí ìfófòó omi tó gbẹ mọ́ àjà ihò ń sọ ibi tí omi ti dé rí. Bí wọ́n bá wà lókè orí yín, ẹ mọ̀ pé gbogbo ọ̀nà yẹn máa ń kún, ẹ má jẹun níbẹ̀, ẹ má sinmi níbẹ̀. Omi tó ń bọ̀ máa ń ránṣẹ́ ṣáájú: ariwo rẹ̀ á yí padà, atẹ́gùn á fẹ́ lójijì tàbí kó dákẹ́, omi á dúdú, ewé àti ìfófòó á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.

Bí ó bá ká yín mọ́, tí ọ̀nà àbájáde kò sí nítòsí tàbí ó gba ibi tóóró tó ní omi, ẹ má gbìyànjú láti bá a jà. Ẹ gun òkè, kọjá ìlà ìfófòó. Ẹ jókòó lórí àpò àti okùn, kì í ṣe lórí òkúta. Ẹ fún aṣọ tó tutù, ẹ tún un wọ̀, ẹ bo aṣọ àgọ́. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì kù sí ẹyọ kan. Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, sùúrù ni. Bí òjò bá ti dá, omi púpọ̀ nínú ihò wọ̀nyí máa ń fà láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ wá gbà yín sì ti mọ ibi gíga tí wọ́n ti máa wá yín.

Ẹni tó wà lókè tó ń retí yín

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níta tó mọ̀ pé ẹ wọlé. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní callout. Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tí kì í sùn gbàgbé, tí kò sì ní mutí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán: orúkọ ihò àti ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà (ihò mìíràn ní ẹnu mẹ́ta), ibi tí ẹ ń lọ nínú rẹ̀, orúkọ gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ tuntun, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tí ẹ gbé e sí, wákàtí tí ẹ retí pé ẹ máa jáde, àti wákàtí tí kó pe ìrànlọ́wọ́ bí kò bá gbúròó yín. Bí ẹ bá retí àtijáde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́fà sí méje dára fún ìpè. Bí àyè bá ti fún jù, ẹ máa dá àwọn ènìyàn láàmú lásán. Bí ó bá sì ti gùn jù, òtútù á ti mú ẹni tó fara pa kọjá ààlà.

Kọ ohun tó máa ṣe sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: kó pe 999, kó ní òun ń fẹ́ ọlọ́pàá, kó wá sọ pé cave rescue ni òun nílò, pẹ̀lú orúkọ ihò àti àgbègbè. Bí ó bá kàn béèrè fún áńbúláǹsì, áńbúláǹsì á wá dúró sójú títì. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ àwọn olùgbàlà yìí, àwọn oníhò fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ti Clapham ti wà láti 1935. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù owó dá yín dúró.

Ọ̀pọ̀ àfonífojì Yorkshire ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wakọ̀ dé láti ránṣẹ́ pé ẹ ti jáde, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó wá oúnjẹ lọ. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: gbogbo ènìyàn jáde láyọ̀, wọ́n lọ jẹun, àwọn olùgbàlà sì ń wọ aṣọ lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe máa rìn

Ẹ má fò. Kókósẹ̀ tó yẹ̀, tí kì í ṣe nǹkan kan lórí ilẹ̀, lè gba ogún ènìyàn àti gbogbo òru láti gbé jáde. Níbi gíga, ẹ jẹ́ kí ohun mẹ́ta di òkúta mú nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì kí ẹ tó ṣí ẹ̀kẹrin. Ẹ jókòó yọ̀ sílẹ̀ bí ó bá yẹ. Ní gbogbo ìkóríta, ẹ yíjú padà wo bí ọ̀nà ṣe rí láti òdìkejì, nítorí ojú yẹn ni ẹ máa fi bọ̀. Ẹni tó wà níwájú ń dúró de ẹni tó tẹ̀ lé e ní gbogbo ìkóríta.

Ní ibi tóóró: ẹ kó ohun gbogbo kúrò nínú àpò aṣọ, ẹ yí bẹ́líìtì kí irin rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ na ọwọ́ kan síwájú kí ìkejì lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹ mí jáde, ẹ sún. Ẹ dúró, ẹ mí sínú. Ẹni tó bá há, ẹ má fà á. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, nítorí ìbẹ̀rù ń mú kí àyà wú, èémí á kúrú, á sì há sí i. Ibi tóóró tó dà sí ìsàlẹ̀ tí ẹ kò mọ òpin rẹ̀, ẹsẹ̀ ni kó ṣáájú. Ní 1959, akẹ́kọ̀ọ́ Oxford kan há sínú kòtò tóóró kan ní Peak Cavern, Derbyshire. Kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì láti inú èémí ara rẹ̀ kún ibẹ̀, ó sì pa á kí wọ́n tó lè fà á jáde. Bí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìṣiṣẹ́, tí orí ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, ẹ padà.

Òkúta tó ń kán tó di ọ̀wọ̀n àti àwọn tó rí bí abẹ́rẹ́ lára àjà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òróró ara ń dí omi lọ́wọ́ láti máa kọ́ ọ lọ, ẹrẹ̀ ọwọ́ yín á sì wà níbẹ̀ títí láé. Ẹ tẹ̀ lé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sàmì sí ọ̀nà. Àdán tó ń sùn, òfin orílẹ̀-èdè ló dáàbò bò ó. Ẹ má tan iná sí i, ẹ má mí lù ú.

Òtútù kì í wọlé pẹ̀lú ariwo. Ẹni tó ń gbọ̀n, tó tún ń ṣàwàdà, ṣì dára. Ẹni tó dákẹ́, tó ń kọsẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tó sọ pé ara òun le nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì, ti ń lọ. Ẹ dúró, ẹ wọ aṣọ àgọ́, ẹ fún un ní ohun dídùn, kí ẹ tó padà sóde. Tí ó bá dẹ́kun gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná, pàjáwìrì ni.

Okùn

Ihò onókùn wà fún lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ lára igi tàbí ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá, títí tí ẹ fi lè yí láti gígun sí sísọ̀ àti láti sísọ̀ sí gígun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń sọ fún yín. Okùn ihò jẹ́ irú tí kì í nà púpọ̀, 9 sí 10.5 mílímítà. Okùn tuntun máa ń sún kì bí ó bá kọ́kọ́ kan omi, torí náà ẹ rẹ ẹ́, ẹ sá a, kí ẹ tó wọn gígùn rẹ̀. Ní ìdí okùn, ẹ ta kókó kan, láìyọ ọjọ́ kankan sílẹ̀; òun ló máa dá yín dúró bí okùn bá kúrú ju kòtò lọ.

Bí ẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ nìyí:

1. Kí ẹ tó súnmọ́ etí kòtò, ẹ fi okùn ààbò gígùn ara hánẹ́ẹ̀sì yín (bẹ́líìtì ìbàdí àti itan tó ń gbé yín rọ̀) kọ́ okùn tí wọ́n nà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.
2. Nígbà tí ẹ bá dé ibi irin tí okùn so mọ́, ẹ fi okùn ààbò kúkúrú kọ́ ọ, kí ẹ jókòó sórí rẹ̀.
3. Ẹ ki okùn sínú ẹ̀rọ ìsọ̀kalẹ̀, ní ibi tó súnmọ́ irin jù, ẹ gbà á kọjá nínú kàràbínà ìdádúró (òrùka irin tó ń ṣí tó sì ń pa dé), ẹ wá so ó pa.
4. Ẹ gbé ìwúwo yín lé ẹ̀rọ náà nígbà tí okùn ààbò ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá gbà yín dúró, ẹ yọ kúkúrú, ẹ yọ gígùn kẹ́yìn.
5. Ẹ di okùn ìsàlẹ̀ mú ṣinṣin kí ẹ tó tú ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ ṣí kúrò.
6. Níbi tí okùn ti tún so mọ́ ògiri láàárín, ẹ dúró déédéé ibẹ̀, ẹ fi okùn ààbò kúkúrú kọ́ ọ, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ sórí okùn ìsàlẹ̀, ẹ so ó pa, ẹ dán an wò, kí ẹ tó yọ okùn ààbò.
7. Ní ìsàlẹ̀, ẹ yọ ara yín, ẹ kúrò ní ibi tí òkúta lè já lé, ẹ wá kígbe "Rope free!"

Stop, irú ẹ̀rọ ìsọ̀kalẹ̀ kan, ní ọwọ́ kan tí ẹ ń tẹ̀ kí ó tó sọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá máa ń dì í mú gírígírí, òun gan-an ló sì ń mú kó yára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ ọ pé ọwọ́ ìsàlẹ̀ ló ń dáni dúró. Bí òkúta bá já, "Below!" ni igbe, ẹ má wòkè, ẹ fi akoto gbà á. Níbi tí omi ń dún tí ohùn kò dé, fèrè ni: ẹ̀ẹ̀kan, dúró, ẹ̀ẹ̀mejì, gòkè, ẹ̀ẹ̀mẹta, sọ̀ kalẹ̀.

Ní gígun, ohun méjì ló gbọ́dọ̀ di okùn mú nígbà gbogbo. Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi apá fa ara rẹ̀, apá á kú kó tó gun mítà mẹ́wàá. Ẹni tó dákẹ́ tí kò mira lórí okùn, ẹ má fi sílẹ̀ pé ó ń sinmi. Rírọ̀ láìmira nínú hánẹ́ẹ̀sì lè mú kí ènìyàn dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí náà olórí ìrìn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn kúrò lórí okùn.

Lẹ́yìn ìrìn

Ẹ ka orí, ẹ fagi lé ìpè, ẹ wọ aṣọ gbígbẹ kí ẹ tó sọ ìtàn. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ bo ọgbẹ́: ìtọ̀ eku wà nínú omi ihò mìíràn, ó sì ń fa àrùn leptospirosis. Bí ibà àti ìrora ẹran ara bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má kàn lo oògùn ibà kí ẹ sùn. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ ihò, nítorí òun á kọ́kọ́ rò pé ọ̀fìnkìn ni, ẹ̀yin á sì rò pé ibà ilé ni.

Ẹ fọ aṣọ àti okùn nínú omi tútù, láìsí bílíìṣì, kí ẹ sì gbẹ wọn dáadáa kí ẹ tó lọ sí ihò mìíràn, kí kòkòrò àti èèhù má bá yín rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ibi ìbòòji ni kí ẹ sá okùn sí; oòrùn ń jẹ náílọ́nù. Ẹ má gbé e sínú búùtù tí bátìrì mọ́tò ti wà rí: ásíìdì rẹ̀ lè ti jẹ okùn láìjẹ́ pé ojú rí i. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi ọwọ́ lásán tọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti wá ibi tó rọ̀ jù, tó wú, tàbí tí funfun inú rẹ̀ ti yọ. Èyí tó bá ní irú àpá bẹ́ẹ̀, ẹ gé e sí méjì níbẹ̀, ẹ wọn èyí tó kù, ẹ kọ gígùn tuntun sí i. Ẹ kọ orúkọ ihò, ọjọ́ àti ohun tí ẹ rí sínú ìwé okùn ẹgbẹ́. Okùn tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bí ó ti wù kó mọ́ tó, kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn mọ́.